Ata Tí Bàbá Adájọ́ Dà Sómi Ìdánwò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ní Ojúẹlẹ́gbà ti bà á jẹ́. Wọ́n ní olóògbé Yẹ̀kínnì lu olùkọ́. Irọ́ gbáà ni! Kò lu ẹnikẹ́ni. Ata ló dà sínú omi tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yaba, lójú olùkọ́ mẹ́ta, kò sì tọrọ àforíjì títí tó fi kú.

Rédíò àti ẹ̀rọ kéékèèké ló ń tún ṣe ní Muṣin. Adájọ́ la máa ń pè é, nítorí kì í yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀rọ láìrí ẹ̀rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á kàn yọ eléyìí, wọ́n á fi tuntun sí i, bí kò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á tún yọ tọ̀hún. Bàbá Yẹ̀kínnì ní ìwà ìkà ni. “Èyí tó o fẹ́ yọ dànù yẹn, kí ló ṣe ẹ́? Ẹlẹ́rìí dà?” Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni mítà kan tó fi ń wọn iná, tó ti fọ́, tó fi rọ́bà dì pọ̀. Bí mítà yẹn bá ti ní nǹkan kan ò jẹ̀bi, ẹ lè mú ọba wá, kò ní yọ ọ́.

Gílóòbù yàrá wọn kú nígbà kan. Kùdírátù ìyàwó ẹ̀ ra tuntun wálé. Bàbá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi sí i àfi tóun bá wádìí wáyà, kí òun wádìí swíìṣì pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wà nínú òkùnkùn. Kùdírátù figbe ta: “Bàbá Síkírù, a ò sọ pé gílóòbù jí ẹran o! Ilẹ̀ ló ṣú!” Lọ́jọ́ kẹrin, ó kéde pé gílóòbù ló jẹ̀bi lóòótọ́. Ó tún wá ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́.

Irú èèyàn yìí ni Haleemah gbé ẹ̀rọ tọ̀ lọ. Ọmọ àdúgbò Àgùdà ni, ó sì ti wà lọ́dún tó máa fi jáde nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ló fọwọ́ ara ẹ̀ jó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì: wáyà méjì á wà lókè táǹkì, bí omi bá kún kàn wọ́n, ẹ̀rọ á ké, kéèyàn lè sáré lọ pa pọ́ńpù. Ẹ̀rọ ò ké. Wọ́n ti dá a padà lọ́dún tó ṣáájú nítorí iṣẹ́ àṣekágbá yìí kan náà. Bí kò bá tún ké lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé láìgbàwé ẹ̀rí.

“Bàbá, ẹ bá mi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ṣé èmi ni mo jó o? Jókòó. Ta lò ń fẹ̀sùn kàn?”

“Wọ́n ní tiransísítọ̀ ló ti bà jẹ́, sà.”

“Wọ́n ní! ‘Wọ́n ní’ ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ládùúgbò yìí. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀rọ ti jẹun.”

Ó na mítà sí i. Haleemah wo bátìrì, iná ń wá dáadáa. Ó ń wò ó láti ojú ibi tó jó kan dé òmíràn, Bàbá ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àsárì ló tó rí i: léèdì tó fi jó wọn pọ̀ ò dì mọ́ ẹsẹ̀ wáyà kan dáadáa. Ó tún un jó, ó ti wáyà bọ omi kànga, ẹ̀rọ figbe bọnu. Haleemah náà figbe bọnu.

“Tiransísítọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ pa yẹn ńkọ́?” ni Bàbá wí. “Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀.”

Ó tọrọ ẹ̀ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Bàbá ní òun á sìn ín lọ, òun ò fọkàn tán kóòtù ẹlòmíì. Ó ra ẹyin sísè méjì ní Ojúẹlẹ́gbà, ẹlẹ́yin bá a di ata àti iyọ̀ sínú ọ̀rá, ó ki í bọ àpò. Nígbà tí wọ́n dé Yaba, ó dúró síbi fèrèsé yàrá ìdánwò.

Ọ̀gbẹ́ni Múyìwá ni ọ̀gá àwọn olùkọ́ náà. Wọ́n bu omi sínú ike, omi kún kan wáyà. Ẹ̀rọ ò ké.

“Ó ti kú,” ni Ọ̀gbẹ́ni Múyìwá wí. “Ẹni tó kàn.”

Haleemah di ẹ̀rọ ẹ̀ mú.

“Ta ló kú?” Bàbá ti wọlé. “Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Ta ni yín, sà?”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́. Haleemah, gba mítà!”

Ọmọ náà ṣe é bí Bàbá ṣe kọ́ ọ. Bátìrì wà dáadáa. Ojú ibi tó jó wà dáadáa. Ó fi wáyà méjèèjì kan ara wọn, ẹ̀rọ ké.

“Ẹ gbọ́! Kò jẹ̀bi!” Bàbá wo yàrá yíká. “Ta ló wá kù? Irú omi wo lẹ bù síbẹ̀?”

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan bọ́ síwájú. “Omi bátìrì ni, Bàbá, irú èyí táwọn mẹkáníìkì ń lò. A ní ká lo èyí tó mọ́ jù lọ torí ọjọ́ ìdánwò.”

“Omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú ẹ̀! Iná ò rọ́nà gbà kọjá níbẹ̀. L'Ékòó yìí, táǹkì ta lẹ ti rí omi bátìrì?” Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti tú ọ̀rá sínú ike, ó fìka rò ó. Ẹ̀rọ ké tó bẹ́ẹ̀ táwọn ará yàrá kejì sá jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Múyìwá ń sín. “Ata lẹ dà sómi ìdánwò?”

“Iyọ̀ ni mo dà. Ata kàn sìn ín wá ni.”

Ọ̀gbẹ́ni Múyìwá nu imú. “Mo tún ń bi yín, sà. Ta ni yín? Ṣé ẹ̀yin lẹ bá a ṣe é?”

Bàbá Yẹ̀kínnì yíjú sí Haleemah. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé iṣẹ́ wá bá a láti ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ti yege, kò sẹ́ni tó máa ń dárúkọ ẹ̀.

“Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, sà,” ni Haleemah dáhùn. “Olùkọ́ mi ni wọ́n.”

Ọ̀gbẹ́ni Múyìwá gbé bírò sílẹ̀. Ó dìde, ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. “Ẹ jókòó, sà.”

Ó jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ títí ìdánwò fi parí. Haleemah yege. Kẹ̀kẹ́ gbé wọn padà sí Muṣin. Bí Bàbá ṣe wọlé, ó sọ fún Kùdírátù pé, “Wọ́n ní kí n jókòó.”

Ó sọ ọ́ fún gbogbo wa. Ó sọ ọ́ débi pé, bá a bá ti rí i lókèèrè, a ó máa pariwo pé, “Ẹ jókòó, sà!” a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Ó kú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mí, mi ò lè purọ́. Inú sì ń bí mi, kì í ṣe sí àwọn ará Yaba, àwa ará Muṣin ni mò ń bá wí. Gbogbo ọdún tó fi wà láàárín wa tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́nìkan nínú wa tó pè é ní olùkọ́.