Ohun tí Jùbrílù Fi Pamọ́ Sábẹ́ Aṣọ

Jùbrílù ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó sì gbà kí n kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n má fi orúkọ bàbá òun sí i.

Ọmọ Ìwó ni. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò ní yunifásítì tó wà ní Al-Abidiyah, ní Mẹ́kà. Kílò méjìdínlọ́gọ́rin ni nígbà tó dé. Láti ilé rẹ̀ ní Az-Zahir, inú ọkọ̀ ló ń wà títí dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Bó bá padà délé, ìrẹsì kábúsà àti ẹran ló ń dúró dè é. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti di kílò mọ́kànlélọ́gọ́fà. Ikùn nìkan kọ́ ló yọ. Àyà rẹ̀ náà wú, ó sì rọ̀, bíi ti ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọmú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì sábẹ́ jalábíà. Kò jẹ́ kí Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ rí ara òun mọ́. Ìfẹ́ obìnrin sì ń kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á ní òun ní ìwé ìdánwò láti máàkì, á jókòó sí pálọ̀ títí oorun á fi gbé obìnrin náà lọ.

Ọmọ kan ni wọ́n bí, Munirah, ọmọ ọdún méje. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Àlàájà Raheemat, ìyá Jùbrílù, ti ń pe Hàbíbátù láti Ìwó pé èwo ni ti ọmọ kejì. Ó ń fi àgbo ránṣẹ́, Hàbíbátù ń mu ún. Hàbíbátù ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mẹta nílé ìwòsàn. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é, kí ọkọ rẹ̀ náà wá.

"Èmi tí mo bí Munirah?" ni Jùbrílù wí. "Kí ni wọ́n fẹ́ wá lára mi?"

Ohun mìíràn tún wà. Ó ń gbé Mẹ́kà, àmọ́ ó tó ọdún mẹ́ta tí kò ti ṣe úmúrà, ìyẹn hájì kékeré. Aṣọ háràmí, aṣọ funfun méjì tí a kò rán, ló ń bà á lẹ́rù, nítorí bí ọkùnrin bá ń yí Káábà ká, èjìká ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ á wà ní gbangba. Bí àlejò bá ti Nàìjíríà dé, tó ní kó mú òun lọ, á ní òun ní kíláàsì.

Lọ́dún tó kọjá, Àlàájà fúnra rẹ̀ wá ṣe úmúrà. Eékún ń dùn ún, kò lè rìn lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́ṣáláṣí, níbi tí ìyípo ti gùn. Ìsàlẹ̀, nítòsí Káábà, ló fẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kí ọkùnrin tí kò wọ háràmí dé ìsàlẹ̀ náà.

"Ìwọ ni wàá mú mi," ni Àlàájà wí. "Mo ní ọmọ ní Mẹ́kà, àlejò ni yóò wá dì mí lọ́wọ́ mú?"

Jùbrílù wọ háràmí, ó fi bo èjìká méjèèjì, ó sì di aṣọ náà mú lọ́rùn. Ní ìyípo kejì, bàbá arúgbó kan fi ọwọ́ kàn án, ó fi èdè Lárúbáwá rán an létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó ṣí èjìká ọ̀tún. Bàbá náà kò ní ibi lọ́kàn; ó bá a fa aṣọ náà sísàlẹ̀ ni. Àyà Jùbrílù yọ síta. Àlàájà wò ó, ó gbójú kúrò, ó tún wò ó.

Wọ́n yí Káábà ká títí wọ́n fi parí. Inú ọkọ̀ ni Àlàájà ti sọ̀rọ̀.

"Jùbrílù, kí ló ṣe ọ́ láyà?"

"Ọ̀rá lásán ni, Màámi."

"Ìwọ àti ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà lẹ ṣì ń ṣe?"

Ó ní òun tẹjú mọ́ títì bí ọmọdé tó jẹ̀bi, òun ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ọ̀rọ̀ náà yé ìyá rẹ̀.

"Áà," ló wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti ń fi ẹnu mi bà nínú jẹ́."

Ìlú Jẹ́dà ni Jùbrílù lọ fún àyẹ̀wò, kí ojúlùmọ̀ má bàa rí i níléèwòsàn. Dókítà Uthman, tí í ṣe Yorùbá bíi tirẹ̀, ní kó wá ní kùtùkùtù láìjẹun, nítorí àárọ̀ ni họ́mónù ọkùnrin máa ń pọ̀ jù lára. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Họ́mónù náà ti lọ sílẹ̀ gan-an, àtọ̀ rẹ̀ náà kò sì lágbára.

"Ọ̀rá kì í jókòó lásán," ni dókítà wí. "Ó máa ń sọ lára họ́mónù ọkùnrin di ti obìnrin. Ọpọlọ á wá rò pé ó ti tó, kò ní rán kórópọ̀n níṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Bí họ́mónù bá sì dínkù, ọ̀rá á tún máa pọ̀ sí i."

"Ẹ gún mi lábẹ́rẹ́ rẹ̀, dókítà."

"Ṣé ẹ ṣì fẹ́ bímọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ má gbà á nígbà náà. Bó bá ń ti ìta wọlé, kórópọ̀n á fiṣẹ́ sílẹ̀, àtọ̀ lè gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ara fúyẹ́. Ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń gòkè padà."

Nígbà tó délé, ó gbé ìwé àyẹ̀wò náà fún Hàbíbátù. "Èmi ni," ló wí. "Kì í ṣe ìwọ."

Hàbíbátù kà á tán. "Bàbá Munirah, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí."

"Ẹ sì ń wò mí ní gbogbo ọdún yìí?"

Ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Munirah ló ń fi èdè Lárúbáwá jíṣẹ́ láàárín wọn. Kí Àlàájà tó padà sí Ìwó, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Hàbíbátù yára dì í mú, àwọn méjèèjì sì sunkún.

Jùbrílù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fún wákàtí kan lẹ́yìn ìrun àsùbáà lójoojúmọ́. Ó dín ìrẹsì kù, ó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, ó di kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Họ́mónù rẹ̀ gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó yẹ. Àyà rẹ̀ lọ sílẹ̀, àmọ́ wíwú náà kò tán pátápátá.

Hàbíbátù ti padà sí yàrá wọn, wọ́n sì ń ṣe bíi tọkọtaya. Wọn kò tíì rí oyún. Jùbrílù ní nígbà mìíràn, bí Hàbíbátù bá ń gbé oúnjẹ síwájú òun, òun á rántí ọdún mẹ́rin tó fi mu àgbo nítorí òun, òun kì í sì í lè gbójú sókè wò ó.