Màlúù Orí Òkè

Àbúrò bàbá mi ní Ẹ̀sà-Òkè kì í kàn là ẹnu sọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ ṣí fìlà, á fi gbọn eruku orúnkún rẹ̀, á wá ní, "Ọgbọ́n ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tèmi. Ẹ máa fi ọkọ́ ṣe tiyín."

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni oko rẹ̀ wà. Bó bá ti kọ ebè ni òjò ń wọ́ ọ lọ. Ló bá pa iṣu tì, ó jẹ́ kí koríko hù, ó sì ra màlúù mẹ́ta. Ká sòótọ́, ó dára: koríko di ilẹ̀ mú, ọ̀gbàrá ò rí nǹkan gbé mọ́. Orí Bàbá wú. Ó ń ra màlúù kún màlúù títí wọ́n fi di ogún.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ pín ilẹ̀ yìí sí méjì, kí koríko apá kan máa sinmi."

Ó ṣí fìlà. "Ṣé koríko ń lọ sí ibi iṣẹ́ ni, tí yóò fi máa sinmi?"

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, òkè náà ti pá bí orí tó wà lábẹ́ fìlà rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ kan péré ló gbá erùpẹ̀ rẹ̀ lọ sínú oko opó kan tó ń dáko nísàlẹ̀. Bàbá ta gbogbo màlúù.

Opó náà gbin àgbàdo sórí erùpẹ̀ ọ̀fẹ́ yẹn. Nígbà tó gbó, ó sè é, ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ilẹ̀ yín dáa o."

Bàbá jẹ mẹ́rin, ó nu ẹnu, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó."