Ọkọ Rere Nínú Ohùn Mẹ́rin

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo bí a ṣe ń kọ orin sílẹ̀ ní ohùn mẹ́rin: sopránò lókè, áátò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ténọ̀, báàsì nísàlẹ̀ pátápátá. Òfin tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ohùn méjì kò gbọdọ̀ máa rìn pọ̀ ní àlàfo márùn-ún, bíi láti do dé so. Bí ọ̀kan bá ń gòkè, kí èkejì wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ẹni tó bá rú u, bírò pupa mi á bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé Bírò Pupa ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, inú mi sì máa ń dùn sí i, àfi bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi mí jẹ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Iléṣà. Mo kọ orin kan fún un ní ohùn mẹ́rin, “Ọkọ rere lọmọ wa rí,” mo sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn nìkan kò tó mi. Mo tún fi ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò: mo fún wọn ní sopránò, kí wọ́n fi ohùn mẹ́ta yòókù sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà nínú wọn, ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Ó ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún ṣubú, wọn á ní kó máa lọ sílé láìgba ìwé-ẹ̀rí. Nígbà tí mo ṣí ìwé rẹ̀, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń rìn pọ̀, wọ́n jọ gòkè, wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀, bí àwọn tó ń ti ìpàdé àdúrà bọ̀. Ó fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sísàlẹ̀. N kò kà á. Mo fa bírò pupa kọjá lórí gbogbo rẹ̀, mo fún un ní òdo.

Ní Sátidé, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iléṣà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yìí, tó ń kọ áátò, rọra sún mọ́ mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bí áátò ṣe wà nínú ìwé la máa kọ ọ́?”

“Kọ ohun tó wà níwájú rẹ.”

Wọ́n kọ ọ́ láìṣìnà rárá, ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jókòó tì mí, fọwọ́ kan orúnkún mi.

“Ọmọ mi, ṣebí ulé ọkọ lọmọ wa ń lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Kí ló wá fẹ́ fi ọkọ́ ṣe níbẹ̀?”

Mo tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Sopránò ń kọ ọkọ. Áátò gòkè níbi tí kò yẹ, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko ló ń kọ. Báàsì wálẹ̀, ọkọ̀ ni tirẹ̀. Ténọ̀ ti wà nísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ ló dì mú, bí ẹni tó ń lọ sógun. Èmi ọmọ Yorùbá, olùkọ́ àgbà, mo fún ìyàwó ọ̀ṣìngín ní ẹrù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì rú òfin kankan. Màmá ní ọkọ̀ dáa, kó gbà á, ṣùgbọ́n kó fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tì mí gan-an.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a ń bọ̀, mo bi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

“Mo sọ, sà. Ẹ fagi lé e.”

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ìwé rẹ̀ sójú fèrèsé kí n lè rí pẹ́ńsù lábẹ́ pupa. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ dákun sà, mo mọ òfin náà. Báyìí nìkan ni gbogbo wọn fi lè pe ọkọ.”

Máàkì ti dé ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ òdo náà, kó jẹ́ kí ọmọ náà yege. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ṣe àṣìṣe sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Mo wá bírò nínú àpò mi, pupa nìkan ló wà níbẹ̀. Òun náà ni mo fi kọ orúkọ ara mi.