Fìdáù fún Obìnrin tó Kọ Ìwé

Ìwé yẹn ń rùn bí àpótí ìyàwó. Tíṣà tó háyà yàrá kan nínú ilé wa nítòsí Ọjà Tuntun ló ni ín. Àárín aṣọ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, tòun ti káńfọ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni tíṣà, onígbàgbọ́, ọmọ jẹ́jẹ́. Tí mo bá ti kí ìrun àsárì tán, tí mo wá ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì tí n ó fi dín màsà, á jókòó tì mí, á ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sínú, á wá tú u sí Yorùbá fún mi. Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ eléyìí, mo sì ti ní kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ìtàn ayé àtijọ́ ni, ti ìlú òyìnbó. Ẹnì kan ṣe baba kan lóore, baba náà ò mọ bó ṣe máa dúpẹ́, ló bá fa ọmọbìnrin rẹ̀ lé olóore lọ́wọ́. Ọmọ náà ń pọn omi lọ́wọ́ ni wọ́n wá sọ fún un. Mo gbé atẹ ìrẹsì sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí à ń pè ní ìyàwó sàráà n'Ílọrin. Baba mi fi mí ṣe sàráà fún àlùfáà tó kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kéwú. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì bi mí. Mo ń fọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi dé, ó ní, "Nu ọwọ́ rẹ. Wọ́n ti so yìgì rẹ."

Láti ọjọ́ tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, tí mo bá ti rí tíṣà, màá ní, "Kí ni wọ́n tún fojú wa rí lónìí?"

Á rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti ta ni, Màmá?"

"Èmi àti ọmọ yẹn ni. Ta ló tiẹ̀ kọ ọ́?"

"Obìnrin kan ni, Màmá. Ó ti kú tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní ta ló sọ fún un bí ọwọ́ ṣe máa ń tutù lójijì, bíi tèmi tí ọṣẹ gbẹ mọ́ lọ́jọ́ náà? Mo gbà pé wọ́n fi òun náà tọrẹ ni. Òun mọ̀wé, ó kọ tirẹ̀ síta. Tèmi jókòó sínú mi.

Níbi tiwa, ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore tó sì kú, àdúrà lo fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Ni mo bá dín màsà kún agbada, mo ké sí àkọ́bí mi tó jẹ́ àlùfáà pé kó wá ṣe fìdáù fún òkú mi kan. Ọmọ àdúgbò pé, àwọn obìnrin ilé jókòó.

Ọmọ mi tẹ́wọ́. "Kí lorúkọ òkú, Ìyá? Kí lorúkọ ìyá rẹ̀?"

Mi ò mọ ọ̀kankan. Mo pe tíṣà. Ó jáde, ó dá orúkọ kan tí ẹnu wa ò gbà.

"Fìdáù òyìnbó!" Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ìyá, ẹ ò wá sọ fún wa pé ẹ lẹ́bí ní Lọ́ńdọ̀nù!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń dì mọ́ra wọn. Ọmọ mi ní, "Kí lobìnrin yìí ṣe fún yín gan-an?"

Ẹnu mi ló gbà á: "Òun nìkan ló mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fa èèyàn kalẹ̀ ṣe sàráà bí àgbò!"

Ẹ̀rín dá. Tíṣà, tí kò ní ibi lọ́kàn, wá rọra ní, "Màmá, wọn ò fi obìnrin náà fún ẹnikẹ́ni o. Kò lọ́kọ títí tó fi kú. Ó rò ó ni."

Ìtìjú ìyẹn ì bá tó. Àmọ́ mo yíjú, mo rí ọkọ mi, àlùfáà tí wọ́n fi mí fún náà, lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ràn bíi ti ọmọdé.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, a ò lè ṣe fìdáù yìí."

Ọkọ mi ní, "Ẹ pín màsà fáwọn ọmọ. Màsà ò lẹ́sìn."

Nígbà tí mo gbé omi àlùwàlá lọ bá a, mo rò pé á bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó wá ní, "Ìyá wọn, wọn ò bi èmi náà. Mọ́sáláṣí ni baba rẹ ti dìde láàárín èrò, tó ní òun fi ọ́ ta mí lọ́rẹ. Ta ló ń kọ sàráà lójú èrò? Ọmọbìnrin kan wà tí mo fẹ́ fẹ́ nígbà náà." Ó bu omi sẹ́sẹ̀. "Mo ti rò pé àwa méjèèjì ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́."

Lọ́jọ́ kejì mo bi tíṣà kí ni ọkùnrin inú ìwé yẹn sọ nígbà tí wọ́n fa ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ó ṣí ewé títí. Ó ní, "Kò sọ nǹkan kan, Màmá. Obìnrin tó kọ ọ́ ò fún un lọ́rọ̀ sọ níbẹ̀." Èmi náà ò fún ọkùnrin tèmi lọ́rọ̀ sọ rí. Mo wá ẹni tó mọ ohun tó ṣe mí dé ìlú òyìnbó, ẹni tí wọ́n ṣe é sí pẹ̀lú mi sì ń jẹun lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ó ti papò dà báyìí, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. A tún lo ọdún mélòó kan pa pọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì bi í kí lorúkọ ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ nígbà náà.