Ọjọ́ Tí Nọ́ọ̀tì Ẹ́ńjìnnì Há Níwájú Màmá Mi

Ọmọ Gã, àwọn onílẹ̀ Accra, ni ọkọ mi, apẹja sì ni. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ni mo ń pè ní orogún mi, torí inú yàrá wa ló ń sùn kí olè má baà gbé e. Aṣọ ìbora tí màmá mi fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ ló sì ń dà bora.

Kò sẹ́ni tó ń lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní Accra, èèwọ̀ ni; ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi fi ń tọ́jú orogún mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé e sórí pákó nínú àgbàlá, ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí jíà wà. Nọ́ọ̀tì méjì ló wà níbẹ̀: ọ́ìlì ń gba ti ìsàlẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gba ti òkè wọlé. Ó ní kí n tó fọṣọ tán, òun á ti parí.

Bó ṣe gbé sikurudíráfà báyìí ni màmá mi wọlé.

Màmá mi ń ta ọṣẹ ní ọjà Makola. Accra yìí ni wọ́n bí wọn sí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé Yorùbá ọkọ mi. Ẹnu màmá mi ló ti kọ́ ọ, àwọn náà sì ń fi "ẹ" pè é, torí àna wọn ni. Nítorí náà, kò mọ "ìwọ" rárá. "Ẹ" ló ń pè mí, "ẹ" ló ń pe ọmọ wa tí kò tíì hu eyín. Bí ewúrẹ́ bá yà wọlé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde." Èdè Gã ló fi ń bínú. Màmá mi sì gbọ́ Gã dénú egungun.

Màmá jókòó sórí àpótí. Ọkọ mi ti sikurudíráfà bọ ojú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ó yí i. Kò mira. Ó tún yí i. Sikurudíráfà yọ̀, ó họ ọ́ lọ́wọ́, ó sì jẹ díẹ̀ lára ojú nọ́ọ̀tì náà. Ó yanu. Mo mọ èébú tó ń bọ̀. Ó wo Màmá, ó gbé e mì, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ ṣí."

Mo ki ojú bọ inú bàsíà aṣọ kí ẹ̀rín mi má baà hàn.

"Ta ni wọ́n ń bẹ̀?" Màmá bi mí.

"Nọ́ọ̀tì ni, Màmá."

"Ìyẹn ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n ká ìró sókè. "Lọ gbé omi gbígbóná wá. Bí ìdérí ìgò bá há, kí la máa ń ṣe sí i?"

Ọkọ mi ní irin lèyí, Màmá, kì í ṣe ìgò.

"Ìdérí ìgò ńkọ́? Ṣé igi nìyẹn ni?"

Ta ló máa bá àna rẹ̀ jiyàn? Mo da omi híhó sí ibi tí nọ́ọ̀tì náà wọ̀ sí. Síbẹ̀, kò mira. Ni ọkọ mi bá lọ yá sikurudíráfà ńlá kan lọ́wọ́ aládùúgbò wa, èyí tó kún ojú nọ́ọ̀tì náà dẹ́kú. Ó gbé ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ kí nọ́ọ̀tì lè kọjú sókè, ó sì fi òòlù kan orí sikurudíráfà náà kí ohun tó dì í mú lè tú. Ó wá fi sípánà gbá ọrùn rẹ̀ mú láti fi yí i. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, kó má tún yọ̀.

"Èmi ni mo lára níbí," Màmá wí, wọ́n sì fi àyà lé e.

Orí ọkọ mi àti orí ìyá ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ojú tì í, ó yíjú sí ògiri, ó ń yí ohun tí kò wò.

"Àna mi, ẹ wo ibi tí ẹ ń yí! Mi ò ní gé yín jẹ."

Nǹkan dún "kà!" Màmá jókòó pìì sórí iyanrìn. A rò pé orí nọ́ọ̀tì ló kán. Ọkọ mi fi ìka kàn án: ó ń yí wẹ́rẹ́.

Ó gbé ẹ́ńjìnnì dìde, ó yọ nọ́ọ̀tì náà, ọ́ìlì sì ń kán tó, tó, tó sínú agolo mílíìkì tí mo gbé sábẹ̀ rẹ̀. Mo ní ṣé gbogbo wàhálà yìí kò ju báyìí lọ? Ó ṣí ti òkè. Ìyẹn ò janpata rárá, àfi bí ọ́ìlì ṣe ya jáde nísàlẹ̀, tí agolo kún.

"Ẹ gbé nǹkan wá!"

Àsáńkà, àwo amọ̀ tí mo fi ń lọ ata, ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ọkọ mi wo ọ́ìlì dúdú náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá ní kí ló dùn nínú ìdọ̀tí.

"Omi ò wọ̀ ọ́, Màmá. Tó bá wọ̀ ọ́ ni, á funfun bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí."

Ó rọ ọ́ìlì tuntun láti ìsàlẹ̀ títí ó fi yọjú lókè, ó sì fi wáṣà tuntun dí ihò méjèèjì. Màmá ní omi gbígbóná ló ṣí i. Ọkọ mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní sikurudíráfà ni. Èmi ní kí wọ́n sọ ẹni tó máa fọ àsáńkà mi. Ọkọ mi fọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ Màmá fọ̀ ọ́ títí, ata wa ṣì ń rùn bí ẹ́ńjìnnì. Mo ra òmíràn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kí a tó jẹun àárọ̀, Màmá ti dé. Ìró àlòkù ni wọ́n ró, wọ́n wé gèlè mọ́rí le dan-in. Wọn ò tilẹ̀ dúró kí ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ tán.

"Àna mi," wọ́n ní, "èwo ló há lónìí?"