Ọmọ Onílẹ̀ Ń Béèrè Ẹni Tó Ni Òkun

Ẹ gbà mí o, ọmọ onílẹ̀ ti da orí mi rú lónìí.

Àwọn tó fẹ́ bá mi gbẹ́ kànga nílé mi ní Egan ò tíì fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ tó fi yọ sí wa.

“Ta lẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀?”

Inú bí mi. Mo ní, “Àwọn kan fẹ́ lọ wa kùsà nísàlẹ̀ òkun, kí wọ́n ba ibùgbé ẹja jẹ́ torí irin tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Ẹ ò lọ bá wọn, kànga tèmi lẹ rí!”

Ó tẹjú mọ́ mi.

“Òkun kẹ̀? Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró?”

“Àwa ni. À ń pariwo lórí Fesibúùkù.”

Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ká ní orí Fesibúùkù ni mo ti pariwo mọ́ yín láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ máa dúró?”

Mo yọ owó jáde. Ó gba tiẹ̀, ó lọ.

Àtìgbà tí mo ti kó débí ni mo ti ń ṣépè fún ọkùnrin yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn jàre: ṣé kí n máa ṣépè lọ ni, àbí kí n sanwó ọkọ̀ fún un lọ sétí òkun?