Sípánà Tó Bá Bàálù Gbéra

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wá kí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Bàálù ló ń tún ṣe ní Èkó. Mo gbé iyán síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Ṣé epo bàálù lo ń mu ní Èkó ni, tí iyán ò wù ẹ́ mọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. Bàálù kan ń kọjá lọ lókè réré. Ó tẹ́tí sí i títí ìró náà fi pòórá, ó wá sọ tẹnu rẹ̀ fún mi.

Níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n ya àwòrán irin iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ara pátákó kan. Orí àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń fi irin kọ́ padà. Bí àyè irin kan bá ṣófo, bàálù ò gbọdọ̀ gbéra, kó má lọ jẹ́ pé inú rẹ̀ ni irin náà wà. Ní Ọjọ́bọ̀, àyè sípánà kékeré kan ṣófo. Ọ̀gá rẹ̀ ló lò ó kẹ́yìn, ó sì ní òun ti dá a padà.

"Ṣé o ní kó wo àpò rẹ̀?"

"Màámi, ẹni tó tó bàbá mi? Kí n ní kó tú àpò bí olè?"

Ọmọ mi mú irú sípánà náà nínú àpótí tirẹ̀, ó fi dí àyè tó ṣófo, ó sì buwọ́ lùwé pé irin pé.

N kò lè bá a wí. Nígbà tí a ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó wà ní kékeré, ó bi àgbàlagbà kan léèrè níwájú àwọn èèyàn pé níbo ló fi agbòòrùn wa sí. Mo ní kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà dá agbòòrùn padà. N kò tún ẹ̀kọ́ mi ṣe.

"Bàálù náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń gbé e fò láti àná. Ó ń lọ sí Àbújá láago mẹ́rin òní. Bí mo bá pè wọ́n, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Ti bàbá yẹn náà ti lọ."

Aago méjì ti kọjá. Mo ní, "Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ ẹ. À ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, a sì lè bi í léèrè. Pè wọ́n."

Ó pè wọ́n. Wọ́n dá bàálù náà dúró. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí sípánà náà nínú bàálù, lábẹ́ ibi tí èrò ń fẹsẹ̀ tẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn irin tó ń darí ìrù rẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ mi àti ọ̀gá rẹ̀ lọ jókòó sílé ná.

Sípánà mìíràn tún wà níbẹ̀, tó ti dípẹtà, tí kò sí lára irin iṣẹ́ wọn rárá. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó fi sílẹ̀, tàbí iye èèyàn tó ti jókòó sórí rẹ̀ lójú ọ̀run. Ẹnìkan ti rí àyè rẹ̀ tó ṣófo níbìkan, ó sì dákẹ́.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. Bí mo bá gbọ́ ìró bàálù, iṣẹ́ tí mò ń ṣe á bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò mọ iye ọmọ tí mo kọ́ ní ìdajì yẹn, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.